Àpò Méjì Lẹ́yìn Alùpùpù Baálé Mi

Ilé Kejì sí Ilé Ìtẹ̀wé,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ẹ̀kọ́,
Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹwàá.

Adúmáadán, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni ilé, báwo ni ṣọ́ọ̀bù? Ṣé ikọ́ tó ń da baálé rẹ láàmú ti lọ sílẹ̀? Ọmọ-ọmọ rẹ ńkọ́, èyí tó ní òun ò ní jẹun àfi tí wọ́n bá fi ṣíbí pupa bọ́ òun, ṣé ó ti gbà kí wọ́n fi ti funfun bọ́ òun báyìí? Ojú tìrẹ náà ńkọ́? Ṣé o ti ń lo awò láti fi ránṣọ, àbí o ṣì ń ṣe bí ẹni pé ojú ọmọdé ló wà lórí rẹ? Mo kí gbogbo yín, mo kí yín dáadáa.

Àlàáfíà ni mo wà, tí a bá yọ ti ìbàdí kúrò. Ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí, ọ̀rẹ́ mi. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí èèyàn ń sùn tó ń lọ. Mo ń jí pẹ̀lú rẹ̀ ni, a jọ ń wẹ ojú.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín. Mo tún un kà, ẹ̀rín náà lọ. O ní o rí ọkọ wa tó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ, òun nìkan, àpò ràgàjì méjì rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ alùpùpù rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì bí ẹni tó ń kó ẹrù kúrò nílé. Ó juwọ́ sí ọ, kò dúró. O wá bi mí bóyá ó ti lé mi ni, àbí èmi ni mo lé e. Kò sí ẹni tó lé ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀ ni, kò sì ṣe é sọ lórí fóònù nígbà tí oníbàárà ń dúró dè ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

O mọ bí a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, bí baálé mi bá ń lọ tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe fún àwọn télọ̀ káàkiri, èmi ni mò ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Àpótí irinṣẹ́ á wà lórí itan mi, àpò àwọn nǹkan wẹ́wẹ́, abẹ́rẹ́, bẹ́líìtì, bọ́bìnnì, á kọ́ mi lọ́rùn. Tó bá ti tú ẹ̀rọ palẹ̀, èmi ni mò ń na irinṣẹ́ sí i. Tó bá tò ó tán, èmi ni mò ń ki òwú bọ̀ ọ́, tí mò ń rán àkísà wò bóyá ojú ìrán ń fò. Àwọn oníbàárà kì í sọ pé àwọn ń retí ẹni tó máa tún ẹ̀rọ ṣe. Wọ́n á ní àwọn ń retí tọkọtaya.

Ìbàdí ọ̀tún yìí ti ń dùn mí ó pẹ́. Mò ń fi ìpara pa á, mò ń tàn án lọ. Nígbà tó wá di pé bí mo bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kọjá ìjókòó alùpùpù, n ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ náà bí ẹni tó ń gbé ìtì igi, baálé mi ní ó tó gẹ́ẹ́, ó mú mi lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ya àwòrán egungun mi. Dókítà náà, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, gbé àwòrán náà síwájú iná, ó ń fi bírò tọ́ka sí i. Ó ní ibi tó yẹ kí eegun méjì ti máa yọ̀ lórí ara wọn ti jẹ, pé eegun ló ń ha eegun. Ó ní òògùn wà fún ìrora, ṣùgbọ́n kò sí òògùn tó ń dá ohun tó ti jẹ padà. Kí n máa fi ọ̀pá rìn, kí n má gbé ohun tó wúwo.

Baálé mi ní, "Alùpùpù ńkọ́, dókítà?"

Obìnrin náà wò ó pẹ̀lú àánú. Ó ní, "Alùpùpù ti parí, bàbá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gùn ún mọ́."

Jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò tíì sọ fún un fún ọ. Nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, inú mi bàjẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí inú mi ti bàjẹ́ náà, nǹkan kan jókòó nínú mi, ó mí kanlẹ̀. Eruku mélòó ni mo ti gbé mì lẹ́yìn ọkùnrin yẹn? Òjò mélòó ló ti pa mí lẹ́yìn rẹ̀, tó sì gbẹ mọ́ mi lára? Ó ti rẹ̀ mí tipẹ́ kí ìbàdí tó bá mi sọ ọ́ síta.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá lọ. Ó ń fi okùn rọ́bà de àpótí irinṣẹ́ mọ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ó ń fi àpò kejì kọ́ ọrùn ara rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọrùn náà fi gan. Tí mo bá pè é látẹ̀yìn, gbogbo ara ló fi ń yíjú bí ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan, okùn rọ́bà já ní oríta, àpótí já bọ́, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu, àwọn èèyàn ń bá a ṣa nọ́ọ̀tì àti abẹ́rẹ́ láàárín ọkọ̀. Ó délé, ó ní kò sí nǹkan. O mọ̀ ọ́n. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, èèyàn ò mọ èyí tí inú ń run nínú wọn. Baálé mi ni olórí àwọn alángbá.

Èmi ni mo ní kí a ra àpò alùpùpù, irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó ní òun kì í ṣe ẹni tó ń da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Mo ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gan-an kì í gbé ẹrù sọ́rùn. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ó tún pa á lẹ́rìn-ín, ló bá gbà.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń rùn táyà tuntun. Wọ́n fi àpò kọ́ ara ògiri láti ilẹ̀ dé òkè. Ẹni tó ni ín jẹ́ ọkùnrin kan tó sanra, tó fi pẹ́ńsùlù há etí, tí kì í jẹ́ kí èèyàn wo nǹkan fúnra rẹ̀. Ojú baálé mi kò kúrò lára aláwọ kan, ó dúdú, ó ń dán, bọ́tìnnì fàdákà yí i ká, awọ wẹ́wẹ́ ń fì ní ìdí rẹ̀. Ọkùnrin náà ti gbé e sílẹ̀ kí a tó sọ pé kó gbé e.

Ṣùgbọ́n mo ti ní kí baálé mi gbé òòlù, sípánà ńlá àti orí ẹ̀rọ ìránṣọ kan tó ti kú dání. Mo kó wọn sínú àpò aláwọ náà. Ìdí rẹ̀ wọ́ wálẹ̀ bí ikùn ewúrẹ́ tó lóyún. Mo yí inú rẹ̀ síta, mo wo ojú ìrán: òwú aṣọ lásán, wọ́n sì rán an jìnnàjìnnà. Ìwọ náà mọ ohun tí òjò máa ṣe sí i. Mo wo àpótí oníke líle tó ní kọ́kọ́rọ́. Ìyẹn dára, omi ò lè wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yọ síta bí ìgbọ̀nwọ́ ẹni tó ń jà. Ọ̀nà tóóró tí baálé mi ń gbà láàárín ṣọ́ọ̀bù àwọn télọ̀, àpótí yẹn á máa ha ògiri ni.

Èyí tí mo mú jẹ́ ti tapólì tó nípọn, aláwọ̀ eérú. Ìdí rẹ̀ ní pátákó pẹlẹbẹ, wọ́n fi òwú ọ̀rá rán an lẹ́ẹ̀mejì, ẹnu rẹ̀ ń ká mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó dì í. Kò rẹwà. Baálé mi wò ó bí ọkùnrin tí wọ́n bá yan ìyàwó.

Ẹni tó ń tà á rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá, aláwọ ni gbogbo èèyàn ń rà. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa gùn ún ni?"

Mo ní, "Rárá o. N kò gùn ún mọ́."

Kò mọ ohun tí òun fọwọ́ bà, n kò sì bá a wí. Ṣùgbọ́n baálé mi gbọ́ ọ. Ó gbé aláwọ padà sí ara ògiri fúnra rẹ̀. Ó ní, "Èyí tí ìyàwó mi mú ni kẹ́ ẹ dì fún wa."

Mo rò pé iṣẹ́ ti parí. N kò mọ̀ pé ríra ló rọrùn. Wẹ́dà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ ládùúgbò wa, ọkùnrin gíga kan tí a kì í gbọ́ ohùn rẹ̀ àfi ti iná rẹ̀. Ó ní kì í ṣe kí èèyàn kàn da àpò kọ́ ẹ̀yìn ìjókòó. Bí kò bá sí irin tó máa gbá a dúró, ẹsẹ̀ táyà á fà á wọlé. Bó bá sì fara kan sálẹ́ńsà tí èéfín ń gbà jáde, iná á jó o. Òun máa tẹ irin sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, òun máa sún iná tí wọ́n fi ń yà sẹ́yìn kí àpò má bò ó. Gbogbo èyí yé wa. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé irin tí ẹni ẹ̀yìn ń gbé ẹsẹ̀ lé.

Ó ní, "Bàbá, ibí ló yẹ kí àpò wà. Ẹrù gbọ́dọ̀ wá síwájú díẹ̀, kó wà láàárín táyà méjèèjì. Irin ìgbẹ́sẹ̀lé yìí ló dí mi lọ́nà. Ṣé ẹnì kan ń jókòó lẹ́yìn yín ni?"

Èmi jókòó sórí àpótí kan níbi ibòji, ọ̀pá mi wà láàárín orúnkún mi. Mò ń wo ìka ẹsẹ̀ mi.

Baálé mi ní, "Má fọwọ́ kan ìyẹn. Gbé àpò sẹ́yìn."

"Ẹ̀yìn á wúwo jù, bàbá."

"Mo ní kí o gbé e sẹ́yìn."

Wẹ́dà kì í jiyàn. Ó ṣe é bí wọ́n ṣe ní kó ṣe é. Nígbà tí à ń rìn bọ̀ wálé, baálé mi ń ti alùpùpù, èmi ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀pá, ó sọ láì wo ojú mi pé tí ìbàdí bá san tán, a ò tún ní máa wá irin kiri. Kí ni kí n sọ, Adúmáadán? Ó wà níbẹ̀ nígbà tí dókítà sọ̀rọ̀. Mo kàn ń rìn.

Fún ọjọ́ mélòó kan, kò sí wàhálà, nítorí ọ̀nà pẹrẹsẹ ló ń rìn. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ wá láti orí òkè, ọ̀dọ̀ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì tó ń rán aṣọ ilé-ẹ̀kọ́. Ó gbé orí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn tó ti tún ṣe sínú àpò kan, ó kó abẹ́rẹ́ àti ọ̀rá epo sínú èkejì. Àgbò wọ ọ̀tún, adìyẹ wọ òsì. Bó ṣe ń gun òkè, iwájú alùpùpù fúyẹ́, ọwọ́ ìdarí rẹ̀ ń mì, ẹ̀gbẹ́ kan ń fà á. Ó ṣubú sínú ẹrẹ̀ lójú títì. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀ lẹ́yìn. Awakọ̀ náà tẹ bíréèkì títí táyà fi ń ké. Ibi tó dúró sí, baálé mi lè fọwọ́ kan iná iwájú rẹ̀.

Kì í ṣe ẹnu rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo kàn rí i pé ó wẹ̀ níta kó tó wọlé, ó sì wọ aṣọ alápá gígùn nínú ooru tó ń yọ epo lára èèyàn. Mo rí ẹrẹ̀ ní ojú irin tí wọ́n fi ń de àpò náà. Mo ní kó bọ́ aṣọ. Ó ní kí ló dé. Mo ní kó bọ́ ọ. Apá rẹ̀ ti bó láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́.

Mo gbé omi gbígbóná àti iyọ̀ wá. Bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ ló ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Ọkọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ mí pa." Bí ẹni tó ń sọ pé òwú funfun ti tán ló ṣe sọ ọ́. Mo fọ apá náà tán. Mo gbé abọ́ omi padà lọ sí ilé ìdáná.

Nígbà tí mo jáde, mo ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà lọ́la."

Ó ní, "Èmi á lọ. Ìwọ sinmi."

Mo ní, "Èmi náà ń lọ."

Wẹ́dà rí irin tó ti tẹ̀, ó rí apá baálé mi, kò bi wá léèrè. Ó fa àpótí ọjọ́sí jáde fún mi kí n jókòó. N kò jókòó. Mo ní, "Wẹ́dà, jọ̀ọ́, yọ irin ìgbẹ́sẹ̀lé yẹn, kí o gbé àpò wá síwájú bí o ṣe fẹ́ ẹ lákọ̀ọ́kọ́."

Ó wo ojú baálé mi.

Baálé mi ní, "Ṣé kò ṣe é tú ni? Kí a kàn tú u, kí a tọ́jú ẹ̀."

Wẹ́dà fi sípánà gbìyànjú ẹ̀, ó mi orí. "Ó ti dógùn-ún, bàbá, ó ti wọra. Gígé ni. Tí mo bá sì ti gé e, kò ṣe é dá padà bó ṣe wà mọ́."

Baálé mi yíjú sí mi, gbogbo ara ló fi yí i nítorí ọrùn rẹ̀. A ti jọ wà fún ọdún púpọ̀, n kò rí i kó fi ojú bẹ̀ mí báyẹn rí. Ó ní, "Tí ara rẹ bá wá yá ńkọ́?"

"Ara mi ò ní yá débi alùpùpù. Ẹ mọ̀."

Ó ní, "Mo mọ̀."

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ̀ ń gùn ún lọ sórí òkè. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kó padà wálé."

Ó rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń wo ọkọ̀ tí wọ́n ń fọ̀ lódìkejì bí ẹni pé òun ló ni ín. Mo mi orí sí wẹ́dà pé kó máa ṣe é. Ó tan ẹ̀rọ ìgé-irin, iná ń ta pàrà. Mo wò ó títí. Èkíní bọ́ sílẹ̀, ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ìyẹn náà bọ́. Ó fẹsẹ̀ gbá wọn sínú òkìtì àlòkù irin. Àwa méjèèjì, kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ mú wọn. Mo ti rò pé n ó sunkún. Ẹkún ò wá. Oorun ló ń kùn mí, oorun tó wúwo, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀.

Àpò náà jókòó dáadáa báyìí. Ó sún mọ́ iwájú, kò kan táyà, kò kan sálẹ́ńsà, wẹ́dà sì fi páànù kékeré kan dá ooru dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Èmi náà ṣe tèmi. Mo rán àpò wẹ́wẹ́ sí inú wọn kí sípánà kọ̀ọ̀kan ní ibùgbé, kí wọ́n má máa lu ara wọn títí wọn á fi lu tapólì jáde. Mo ní kó máa fi ohun tó wúwo sísàlẹ̀, kí ọ̀tún àti òsì jọ wúwo, kí epo má sì bá aṣọ oníbàárà gbé inú àpò kan náà. Ó tẹ́tí sí mi bí ẹni tí n kò ní bá lọ mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí.

Ọjọ́ tí o rí i yẹn ni ọjọ́ àkọ́kọ́ tó tún lọ sórí òkè. Má bínú pé kò dúró. Ó ní òun mọ̀ pé "ìyàwó rẹ dà?" ni ohun tí wàá kọ́kọ́ bi òun, òun ò sì tíì rí bí òun ṣe máa dá a lóhùn kí ohùn òun má yí padà. Èmi, nígbà tó lọ tán, mo padà sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo sì sùn di ọ̀sán gangan. N kò sùn bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọge.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tó dé. Mo gbọ́ alùpùpù, mo gbọ́ tó pa á, mo ń ka bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń dún bóyá ó ń tiro. Kò tiro. Ó jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀. Mo gbé omi fún un. Ó mu ún, ó di ife náà mú.

Ó ní, "Mo bá ọ sọ̀rọ̀ lónìí."

Mo ní, "Níbo?"

"Lórí ìdàgẹ̀rẹ̀, nígbà tí mò ń bọ̀. Mò ń sọ fún ọ pé àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yẹn tún ti ń bára wọn jà, pé aṣọ ni wọ́n fi pín ṣọ́ọ̀bù sí méjì. Mo ti sọ̀rọ̀ náà jìnnà kí n tó rántí. Iná pupa dá wa dúró, ọkùnrin kan lórí kẹ̀kẹ́ ń wò mí bí ẹni ń wo wèrè."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo parí ọ̀rọ̀ mi."

Mo rọra jókòó sórí àga tó wà nítòsí rẹ̀, mo na ẹsẹ̀ tó ń dùn mí. Mo ní, "Kí ni mo fèsì?"

Ó rò ó. Ó bọ́ bàtà kan, ó gbọn iyanrìn inú rẹ̀ dànù síta.

Ó ní, "O ní kí n rọra."

Bá mi kí baálé rẹ, kó máa mu omi gbígbóná. Bá mi kí gbogbo àwọn ọmọ, kí o sì fi ẹnu kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ oníṣíbí pupa fún mi. Bí àyè bá yọ, wá kí mi. Èmi ni n kò lè wá mọ́.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ, tí mo ti jẹ́ tìrẹ láti ìgbà tí a ti jọ ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ,

Pẹ́lẹ́ńgẹ́